Àwọn Ọjọ́ Àbámẹ́ta Tí Mo Pọn Màmá

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Wọ́n pè mí! Èmi tí mo ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì, wọ́n ní kí n wá ṣe ìdánwò panápaná! Ọjọ́ keje oṣù tó ń bọ̀. Ọdún yìí sì ni àǹfààní mi parí: ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún márùndínlógójì, wọn kì í gbà á mọ́, oṣù kẹfà ni mo máa pé e. Mo jó yí tábìlì ká títí òòyì fi kọ́ mi.

Màmá ò jó. Wọ́n gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n ní, "Gbogbo ayé ń sá kúrò níbi iná, ìwọ nìkan lò ń wá ọ̀nà débẹ̀. Iná ààrò búrẹ́dì ò tó ọ ni?" Wọ́n bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo ti rí olùkọ́. Panápaná tó ti fẹ̀yìn tì ni, ní pápá tó wà lẹ́yìn ilé wa. Fèrè kì í kúrò lọ́rùn wọn. Ọ̀gá Fèrè ni mo sọ wọ́n — àárín èmi àti ìwé yìí ni o.

Wọ́n ní kí n sáré yí pápá ká. Mo yí i lẹ́ẹ̀kan, mo bá nà sórí koríko bí àpò fúláwà. Wọ́n ní kí n gbé irin. Mo gbé e bí ẹni gbé páànù búrẹ́dì. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Apá rẹ ti mọ iṣẹ́. Èémí rẹ ni ò tíì mọ̀ ọ́n." Ni wọ́n bá pín ọ̀sẹ̀ fún mi. Ajé àti Ọjọ́rú, eré sísá. Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, irin. Ẹtì, kí n sinmi. Àbámẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ máa pàdé: n óò sáré, n óò sì pọn èèyàn gun àtẹ̀gùn ilé wa dé àjà kẹrin. Èèyàn ni dandan, wọ́n ní, torí àpò kì í yí lẹ́yìn ẹni.

Ta ni yóò gbà kí n pọn òun?

Ọjọ́rú, 5

Màmá ní àwọn gbà. Màmá! Mi ò béèrè ìdí, kí wọ́n má baà yí ọkàn padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Bàtà ìmúròde ni wọ́n wọ̀. Báàgì lọ́wọ́, bí ẹni ń rìnrìn àjò. Mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n gun ẹ̀yìn mi, ó di òkè. Ẹnu wọn ò dákẹ́. "Rọra níbi igun yẹn." "Ògiri yìí mà dọ̀tí o." Wọ́n ń kí àwọn ará ilé láti ẹ̀yìn mi bí alága tó ń ṣí ìpàdé. Láti òní lọ, Alága ni orúkọ wọn. Mo dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì, mo débẹ̀! Ẹ̀rín ń pa mí.

Ọjọ́ Ajé, 10

Mo yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹta láìdùbúlẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà!

Ọjọ́bọ̀, 13

Apá ń dùn mí, itan ń dùn mí — eyín nìkan ni ò dùn mí. Mo gbé àpò fúláwà méjì lẹ́ẹ̀kan náà níbi iṣẹ́. Ọ̀gá wa ní kí n yéé ṣe àṣehàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Ó le ju tọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Báwo? Mo sinmi títí ojú fi ń tì mí. Alága ní, "Bóyá iṣẹ́ yẹn ò bá ọ mu." Jẹ́jẹ́ ni wọ́n sọ ọ́. Jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló dùn mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Ó tún burú sí i. Eré mi ń dáa, irin ń fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n tí Àbámẹ́ta bá dé, àfi bí ẹni pé ilé ni mo pọ̀n. Àjà kẹta ni mo ti ní kí wọ́n sọ̀. Mo jókòó, mo béèrè: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ ń sanra ni?"

Yéè! Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀gá Fèrè náà ń họrí. Tí n ò bá lè gbé ìyá mi, ta ni mo fẹ́ gbé jáde nínú èéfín? Mo sunkún díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mi ò jáwọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tán ná.

Mo pọn Alága, a dé àjà kejì, mo gbọ́ nǹkan tó ń dà — ṣììì. Mo wẹ̀yìn. Yanrìn! Ó tẹ̀ lé wa láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo sọ wọ́n kalẹ̀. "Màmá, kí lẹ dì mọ́ra?" Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀.

Ìyá aránṣọ! Wọ́n ti rán àpò yípo yẹ̀rì wọn, wọ́n rọ yanrìn kún gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ń rán tuntun kún un ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Òwú ọ̀kan ló já.

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń gbọn yanrìn kúrò nínú bàtà ìmúròde wọn. Wọ́n ní, "Lákọ̀ọ́kọ́, mo fẹ́ kó sú ọ ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà tí mo rí i pé kò sú ọ, mo ní ó dáa. Bó bá máa wọ ibi iná, kó lágbára ju iná lọ. Mo bá tún fi kún un."

Mo gbá àtẹ̀gùn títí ọwọ́ fi bó. Mo ní kí wọ́n lọ rán yẹ̀rì yẹn padà, kí wọ́n má yọ ẹyọ yanrìn kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹrin

Àjà kẹrin! Láìsinmi! Pẹ̀lú gbogbo yanrìn! Alága pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn mi, ó kù díẹ̀ kí a jọ ṣubú.

Ọjọ́ Ajé, 7

Eré sísá: mi ò ṣe ipò kìíní, mi ò sì gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ọmọláńgidi kan tó tó géńdé, ká pọ̀n ọ́n gun àtẹ̀gùn. Mo fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe fún Alága, mo gbé e sẹ́yìn — ó kù díẹ̀ kí n fò! Mo dé òkè, mo ṣì ń retí ìyókù ẹrù. Ọ̀gá tó ń ṣọ́ wa béèrè pé kí ni mo fi kọ́ra. Mo ní, "Ìyá mi ni, sà."

Wọ́n mú mi. Wọ́n mú mi, wọ́n mú mi, wọ́n mú mi!

Màmá ní, "Ojú tó ti rí òkun ò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù." Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Alága ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò iṣẹ́ mi kúrú. Wọ́n ní panápaná tó bá fi ṣòkòtò kọsẹ̀, ìyá rẹ̀ ló dójú tì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Ọ̀tunla ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ń ti pápá bọ̀, mo bá Màmá nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn: bàtà ìmúròde, báàgì lọ́wọ́.

"Màmá, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Òkè ni. Àbí òní kọ́ ni Àbámẹ́ta?"

Yẹ̀rì lásán ni wọ́n wọ̀, kò ní àpò kankan. Wọ́n gun ẹ̀yìn mi, mo dìde, mo bá dúró. Wọ́n fúyẹ́. Wọ́n fúyẹ́ ju ọmọláńgidi yẹn lọ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, mi ò mọ̀ pé ìyá mi fúyẹ́ tó báyìí.

Mi ò kánjú. Mo ń rọra gùn ún, wọ́n ń kí àwọn ará ilé: "Panápaná ló pọ̀n mí o!" A dé òkè. Mo ní, "Màmá, a ti dé. Ẹ sọ̀."

Wọ́n ní àwọn ò tíì ṣetán.

Mo yí padà, mo tún pọ̀n wọ́n sọ̀ kalẹ̀.