Orúkọ Tí Ìyàwó Kò Gbọdọ̀ Pè

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà mi. Mo kí Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá àgbà, kí wọ́n má bínú pé n kò tètè kọ̀wé. Ara mi le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé atẹ́gùn odò Elbe ní Hamburg níbí máa ń la ẹ̀wù méjì kọjá kó tó kan egungun.

Ẹ rántí pé kí n tó kúrò nílé, Bàbá àgbà pè mí sí yàrá wọn. Bàbá tó bí wọn bá ọkọ̀ òkun tó ń kó èkùrọ́ lọ sí Hamburg kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò sì padà mọ́. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo ni kí n bá wọn wádìí: ṣé ikú ló dá a dúró ni, àbí ó gbàgbé àwọn? Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n ohùn wọn lọ́jọ́ náà dà bíi ti ọmọ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń retí bàbá rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí kí wọ́n má lọọ lọ kí n tó rí èsì.

Ní yunifásítì ní Berlin, ìdajì ohun tí olùkọ́ ń sọ ni mò ń gbọ́. Mo máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí n lọ túmọ̀ rẹ̀ ní yàrá mi ní Moabit. Nígbà tí mo lọ tún físà mi ṣe ní Ausländerbehörde, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì, ìwé mi pé, síbẹ̀ mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó máa ń ṣe mí bíi pé wọn yóò wò mí lójú, wọn yóò sì rí i pé ẹlòmíràn ló yẹ kó wá.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Fúnmi, ará ìjọ wa, ní Wilhelmsburg ní Hamburg. Láàárọ̀ mo ń fọ abọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì. Lọ́sàn-án mo ń lọ sí ilé tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí. Mo wá Eyínfúnjowó, orúkọ ìdílé wa, nínú ìwé ìkànìyàn àti ìwé owó orí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, n kò rí nǹkan kan. Obìnrin tó ń bá mi gbé ìwé jáde rọra sọ fún mi pé bóyá bàbá náà kò dé ìlú yìí rárá. Mo sunkún nínú ọkọ̀ ojú irin S-Bahn lọ́jọ́ náà. Mo ní ọmọ tó gbọ́n jù mí lọ ì bá ti rí i.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan gbé ẹrù wá sílé Àǹtí, ó ní ti Kọ́láwọlé Àlàbí ni. Mo ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbí. Ó gbé e lọ. Àṣé àbúrò ọkọ Àǹtí tí a jọ ń gbé inú ilé náà ni! Ìyá kan náà ló bí òun àti ọkọ wọn, bàbá wọn ló yàtọ̀. Àǹtí kì í pe orúkọ rẹ̀. Adúmáadán ni wọ́n ń pè é, nítorí ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Èmi náà bá a lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó ní, "Akadá, òkú tó ti lọ ṣáájú ogun lò ń wá, o ò mọ alààyè tí ẹ jọ ń bu ẹ̀bà láwo kan."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Eyínfúnjowó! Ta ló ń sọ ọmọ tuntun ní Eyínfúnjowó? Orúkọ tí ìyàwó fi ń ké ọkọ ni.

Ìyẹn ni mo ṣe fi káàdì tẹlifóònù pè yín lójijì lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní kí ẹ bi Bàbá àgbà ta ló dá àwọn akọ̀wé ìkànìyàn ti Èkó lóhùn nígbà tí wọ́n dé ojúlé, tí ọkọ kò sí nílé. Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn lẹ́yìn yín. Wọ́n ní, "Ìyá mi ni. Ṣé ìyá mi ni yóò la ẹnu pe orúkọ ọkọ rẹ̀? Eyínfúnjowó tó máa ń pè é ló sọ fún wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo bá mú ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ wa ti Èbúté-Mẹ́ta tí ẹ fún mi jáde. Orúkọ ọkùnrin kan wà níbẹ̀, Josiah Ògúnṣẹ̀san, tí a máa ń sọ pé òun ló ta ilẹ̀ náà fún wa. Mo fara balẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló rà á.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo béèrè Ògúnṣẹ̀san. Ìwé owó orí mẹ́ta jáde, ti ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn: Josiah, ọmọ Èkó, alágbàṣe ní èbúté. Mo kọ́kọ́ ṣiyèméjì, pé ó lè jẹ́ ẹlòmíràn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè àwọn tí èèyàn ń bọ́. Ó kọ ọ́ pé: ìyàwó kan, ọmọkùnrin kan, Àlàó, Èkó. Oríkì Bàbá àgbà gan-an nìyẹn. Akọ̀wé fa ìlà pupa lé e lórí. Obìnrin náà ṣàlàyé fún mi pé bóyá nítorí pé wọn kò sí ní Jámánì ni kò fi gbà á. Lọ́dún kejì, ó tún kọ ọ́. Wọ́n tún fagi lé e. Lọ́dún kẹta, ó tún kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ogun dé, n kò sì rí ìwé mìíràn. N kò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, Bàbá mi. Ẹ bá mi bẹ Bàbá àgbà fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ ka ibi tí ìlà pupa wà yẹn sókè. Ìwé ìròyìn ìjọ wa níbí yóò tẹ lẹ́tà yìí pẹ̀lú, nítorí ilé tó ń wá èèyàn bíi tiwa kò mọ níwọ̀n. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ká pa orúkọ wa dà o. Ìfẹ́ ni ìyá wa fi sọ ọ́.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí. Ẹ kí àwọn àbúrò mi, ẹ kí ará ojúlé gbogbo. Kí Ó sì dá Bàbá àgbà sí títí n ó fi mú ẹ̀dà ìwé náà délé, kí wọ́n fi ìka ara wọn kan Àlàó lábẹ́ ìlà tí wọ́n fà lé e.

Èmi ni ọmọ yín,
Bísọ́lá Eyínfúnjowó