Ọjà Ọrọọrún Nínú Kọ̀ǹpútà

Mọ́ńdè, 1/8/94
Ọ̀gá Oyèlárán tún yin Ràbíátù lónìí. Nínú ìwé yìí, n kò ní pè é lórúkọ mọ́ – Ìyá Kọ̀ǹpútà ni. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wa ládùúgbò Mayfair, òun náà ló ń jókòó tì í jù. Ọ̀gá ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pé ní Fúráìdè ni yóò máa bá òun kọ́ àwọn ọmọ tuntun. Èmi ni mo fẹ́ ẹ. Èmi ni!

Túsìdeè, 2/8/94
Iṣẹ́ náà rèé: kí kọ̀ǹpútà sọ gbogbo ọjọ́ tí ọjà kan bọ́ sí lóṣù yìí. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná an, ọ̀la ni àkọ́kọ́. Ọ̀gá ní ká kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ ní Yorùbá ná, ká fi ìka kà á wò, ká tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ọjà abúlé ìyá mi ni, lẹ́yìn Ẹdúnàbọ̀n! Kí ni Ìyá Kọ̀ǹpútà, ọmọ ìgboro Ẹnuwá, mọ̀ nípa rẹ̀?

Wẹ́sìdeè, 3/8/94
Mo yọjú wo ìwé Ìyá Kọ̀ǹpútà. "Mú ọjọ́ ọjà, fi mẹ́rin kún un." Mẹ́rin! Ta ló ń pe mẹ́rin ní ọrún? Mo gbé ẹ̀rín mì. N kò sọ fún un. Kó tẹ́ díẹ̀. Márùn-ún ni tèmi.

Tọ́sìdeè, 4/8/94
Ó ṣì ń ka ìka. Èmi ti tẹ tèmi sínú ẹ̀rọ. Ìka kíkà ti àwọn ọmọdé ni.

Fúráìdè, 5/8/94
Tèmi jáde: 3, 8, 13, 18, 23, 28. Ọ̀gá rọra bi mí pé bí wọ́n bá ná ọjà lọ́jọ́ kẹta, ìgbà wo ni wọ́n tún ń ná an. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí ìka, bí wọ́n ṣe ń kà á nílé wa. Ẹ̀ẹ́ta, ẹ̀ẹ́rin, àárùn-ún, ẹ̀ẹ́fà, èèje. Ọjọ́ ọjà gan-an wà nínú márùn-ún! Mẹ́rin ló yẹ kí n fi kún un. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

"Ẹ̀rọ ò ṣẹ̀, Morẹ́nikẹ́," Ọ̀gá ní. "Ohun tó o ní kó ṣe ló ṣe."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ti Ìyá Kọ̀ǹpútà pé pérépéré, òun ni Ọ̀gá mú pé kó máa bá òun kọ́ni. Ó wá dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí Morẹ́nikẹ́ bá mi kọ́ àwọn ọmọ tuntun. Ọjà ilé ìyá rẹ̀ ni."

Ọ̀gá gbà. Mo ní ó ṣeun. Ká ní ó fi mí ṣẹ̀sín ni, ǹ bá mọ èsì tí ǹ bá fún un.

Sátidé, 6/8/94
Mọ́mì ní kí n lọ dúpẹ́ nílé àwọn Ìyá Kọ̀ǹpútà. N kò tíì lọ. Inú ń bí mi, nítorí ó ṣe mí lóore, kò sì mọ̀ pé mo ti ń retí kó tẹ́.