Ògiri Bọ́ọ̀sì Màmá

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Bọ́ọ̀sì ti dé àgbàlá. Mo ti tú gbogbo àga inú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń fẹ́: kí wọ́n fojú kan Ìyá Kékeré, àbúrò wọn, kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ọdún mẹ́sàn-án rè é tí wọ́n ti ríra kẹ́yìn. Ìrìn ọjọ́ méjì ni dé ọ̀dọ̀ wọn. Àìsàn ò jẹ́ kí Màmá lè jókòó ju wákàtí kan lọ mọ́. Ẹsẹ̀ Ìyá Kékeré náà ti wú, wọn ò lè wá. Mo ní n ó sọ bọ́ọ̀sì yìí di yàrá, kí Màmá máa sùn lọ. Èmi tí mò ń kan bẹ́ẹ̀dì fún gbogbo ayé, ṣé ti ìyá mi ló máa wá ṣòro?

Ọjọ́rú, 5
Ara ọkọ̀ fẹ́lẹ́ bí agolo mílíìkì. Súkúrù ò dì í mú. Bó bá sì gùn jù, á yọ síta — ọ̀kan yọ, mo fi rọ́bà dí i nítorí òjò. Àfi kí n wá egungun ọkọ̀ rí, irin inú ògiri rẹ̀, kí n fi nọ́ọ̀tì de pákó mọ́ ọn, kí n tó kan ohunkóhun mọ́ pákó. Mo ń fi ìka gbá ògiri, mo ń dẹtí. Ọ̀gá — Màmá nìyẹn, wọ́n fẹ́ràn orúkọ náà — jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bi mí pé ta ni mò ń kanlẹ̀kùn fún.

Àbámẹ́ta, 8
Bẹ́ẹ̀dì ti dúró. Ìkọ́ ife ti dúró. Fọ́tò Màmá àti Ìyá Kékeré nígbà ọmọge ti wà lókè ìrọ̀rí, súkúrù mẹ́rin. Màmá dùbúlẹ̀, wọ́n wò yíká. "Ó ti tó. Jẹ́ ká máa lọ lọ́la." Mo ní ó ku dígí, ó ku kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, ó ku pẹpẹ. Wọ́n ní àwọn á gbé oògùn sórí itan. Mo ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọ́n ní òwe ọ̀lẹ nìyẹn lẹ́nu káfíńtà. A rẹ́rìn-ín títí. A ò lọ.

Ìṣẹ́gun, 11
Mo wa ọkọ̀ yí àdúgbò ká, èmi nìkan. Ní gegele kejì, dígí já. Orí ìrọ̀rí Màmá gan-an ló fọ́ sí! Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mò ń ṣa àfọ́kù. Lọ́dún tó kọjá, èmi ni mò ń wakọ̀ nígbà tí àpótí irinṣẹ́ mi já lu ẹsẹ̀ Màmá. Wọn ò bá mi wí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Dígí tí wọn ò tiẹ̀ béèrè.

Ọjọ́bọ̀, 13
Àbúrò mi ọkùnrin wá. Ó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ pẹpẹ. Pẹpẹ ò mira. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló wá kù?" Mo ní rọ́bà abẹ́ ìkọ́, kí ife má máa dún. Ó wò mí. Ó ní ẹ̀rù ló ń bà mí, pé mo mọ̀ pé Ìyá Kékeré nìkan ni Màmá ń dúró dè, tí Màmá bá ti rí wọn, wọ́n á lọ sinmi. Mo lé e jáde. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló bí mi nínú.

Ẹtì, 14
Rọ́bà.

Àìkú, 16
Màmá ò jáde wá síbi ọkọ̀ lónìí. Wọ́n bi mí láti orí bẹ́ẹ̀dì pé ọ̀la ńkọ́. Mo ní Ọjọ́bọ̀, láìyẹ̀. Wọ́n ní ó dáa.

Ọjọ́rú, 19
Màmá kú láàárọ̀ yìí.

Àìkú, 23
Mo ti dé ọ̀dọ̀ Ìyá Kékeré, mo wá gbé wọn lọ síbi ìsìnkú. Ọjọ́ méjì gbáko, gegele, kòtò, ọ̀nà burúkú — nǹkan kan ò já. Ife ò tilẹ̀ dún. Ó ń ṣe mí bíi kí nǹkan kan já.

Ìyá Kékeré wọ inú ọkọ̀. Wọ́n fọwọ́ pa ògiri, wọ́n fa ìkọ́ wò, wọ́n pẹ́ níwájú fọ́tò. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ rẹ dára, ọmọ mi. Ìgbà wo lo parí ẹ̀?"

Mo ní ọjọ́ tí Màmá kú gan-an.

Wọ́n dì mọ́ mi. Wọ́n ní kí n má sunkún mọ́, mo gbìyànjú, àsìkò ni ò dúró dè mí.

Wọ́n ti dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì Màmá báyìí, ọwọ́ wọn lára ògiri. A máa gbéra láìpẹ́. Láti Àbámẹ́ta ọjọ́ kẹjọ ni bẹ́ẹ̀dì yẹn ti ṣeé sùn sí. Ọjọ́ mọ́kànlá kí Màmá tó kú. Mi ò lè sọ ọ́ fún wọn.