Àlejò Inú Àwòrán Ìyá Àgbà

Òpópónà Daepyeong,
Erékùṣù Yeongdo,
Busan.
Ọjọ́ kejì Dongji.

Dambi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti etí òkun wá, níbi tí atẹ́gùn ti tutù débi pé ikun imú mi ń di yìnyín kí n tó rí aṣọ nù ún. Mo lérò pé ara rẹ le bí òkúta, pé òtútù Jinju kò tíì gé ọ létí jẹ, pé Dádì àti Mọ́mì rẹ wà ní àlàáfíà, àti pé ajá yín elétí kan ṣì ń gbó ẹni tí kò yẹ kó gbó. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Bí mo bá ní ara mi le, irọ́ kékeré ni. Ìwọ náà sì mọ̀ pé irọ́ ńlá ni mo máa ń pa, nítorí náà fi kékeré yìí jì mí.

Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín. Ta ló ń kọ lẹ́tà mọ́ láyé yìí? Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ọ́ sórí fóònù, o máa ti fi àwòrán ẹ̀rín rẹpẹtẹ dá mi lóhùn kí n tó dé ìlà kejì, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ á sì bọ́ sọnù. Ìbéèrè tí o bi mí kò ṣeé fi yẹ̀yẹ́ dáhùn: ṣé a ṣì jọ ń lọ ṣe ojú wa nínú oṣù kìíní, àti pé èwo ni mo mú, èyí tí wọ́n ń fi òwú rán ni àbí èyí tí wọ́n ń fi abẹ là? Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìdí. Má fo ojú ìwé kankan o.

O rántí ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lẹ téèpù mọ́ ìpéǹpéjú wa, kí ó lè ṣẹ́ kí ojú wa sì là rekete, nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, tí tìẹ já bọ́ sínú ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́sàn-án, tí o sì gbé e mì? O ní, "Ó tán, ìfun mi ló máa rẹwà." Ọjọ́ yẹn la búra pé bí a bá ti ṣe ìdánwò ìwọlé yunifásítì tán, a jọ máa lọ dùbúlẹ̀ lábẹ́ abẹ, kí ìpéǹpéjú wa lè ṣẹ́po bíi ti gbogbo àwọn tó kù ní kíláàsì. Màmá mi ti ṣèlérí rẹ̀ fún mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ìdánwò. Ìyá àgbà mi nìkan ni kò fọwọ́ sí i. Ó ní, "Ojú mi lo gbé wá sáyé. Bí o kò bá fẹ́ ẹ mọ́, èmi ni kí o dá a padà fún."

Ìwọ náà mọ Ìyá àgbà Bokdan. Láti ọ̀dọ́ ló ti ń fi òòlù gbá ìpẹtà kúrò lára ọkọ̀ òkun, títí etí rẹ̀ fi di. Okùn ni wọ́n fi ń so òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kàn-án, kàn-án, kàn-án, láti àárọ̀ dalẹ́. Ìpéǹpéjú rẹ̀ nípọn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó bo ojú rẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fà wálẹ̀ dé ìdajì. Ó máa ń fi ṣe fáàrí: "Àwọn olójú ńlá ni ìpẹtà ń fọ́ lójú. Èmi, ta ló fẹ́ rí ojú mi fọ́?" Irú ojú yẹn gan-an ló wà lójú èmi náà, bí ẹni pé wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀ fi sí mi lára.

Ó kú nígbà tí òdòdó ń já bọ́ lára igi, tí ẹ ti kó lọ sí Jinju. Ohun tí mi ò sọ fún ọ nígbà náà ni ọ̀rọ̀ àwòrán ìsìnkú rẹ̀. Ọ̀gá Cheon, onífọ́tò ẹ̀bá ọjà wa, ló ya gbogbo arúgbó àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè ní àwòrán tí wọ́n máa gbé síwájú òkú wọn bí ọjọ́ bá pé. Ìyá àgbà gba tirẹ̀ tòun ti aṣọ tí wọ́n fi dì í, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní ẹni tó bá tú u wò ń kánjú sin òun ni. Òun alára kò wò ó. Nítorí náà, inú gbọ̀ngán ìsìnkú la ti tú u fún ìgbà àkọ́kọ́.

Dambi, kì í ṣe Ìyá àgbà ló wà níbẹ̀. Obìnrin kan ni, tó wọ aṣọ Ìyá àgbà, tó gbé imú rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ wọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là rekete, ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣẹ́po bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀gá Cheon ló fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe. Gbogbo àwọn arúgbó ló bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn yọ ìhunjọ. Ó wá rò ó pé òun á fi ìpéǹpéjú ṣe èènì fún wọn.

Ìyá Malsun, tí òun àti Ìyá àgbà jọ ń rọ̀ lórí okùn kan náà, wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó wo àwòrán náà títí. Kò forí balẹ̀ fún un bí a ti ń ṣe fún òkú. Ó ní, "Ta nìyí?"

Màmá mi ní, "Màmá mi ni, ẹ̀yin ìyá wa. Bokdan ni."

"Bokdan kọ́. Inú abọ́ kan lèmi àti Bokdan ti ń jẹun kí ìwọ tó dáyé. Níbo lẹ gbé e pamọ́ sí?" Ó bá yí padà, ó lọ jókòó nídìí ọbẹ̀ àlejò ìsìnkú, ó ní òun máa dúró dè é títí á fi dé.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tẹ̀lé wa wọlé. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni mo ti ń gbọ́ òòlù. O máa ní àsọdùn mi tún ti dé, ṣùgbọ́n Màmá mi náà gbọ́ ọ. Abẹ́ ilẹ̀ tí à ń sùn lé ló wà, níbi tí páìpù omi gbígbóná gbà. Oníṣẹ́ páìpù wá, ó ní páìpù wa lágbára ju ti ààfin lọ. Kàn-án, kàn-án, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò dá a lójú pé ilé òun nìyí.

Ní àárọ̀ Chuseok, tí gbogbo ilé ń gbé oúnjẹ fún òkú wọn, a to tiwa síwájú àwòrán náà. Màmá mi ri ṣíbí mọ́ inú ìrẹsì, a kọ ẹ̀yìn sí i kí òkú lè jẹun láìsí ẹni tó ń wo ẹnu rẹ̀. A ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Mo gbọ́ ìró bàtà rọ́bà Ìyá àgbà níbi tí à ń bọ́ bàtà sí. Ó dúró. Kò wọlé. Nígbà tí a yíjú padà, ṣíbí ti ṣubú, ìrẹsì sì ti tutù bí ẹni pé inú fíríìjì la ti gbé e. Màmá mi jókòó sílẹ̀ gbì bí àpò tí wọ́n sọ̀. Ó ní, "Ó rí àlejò nídìí oúnjẹ, ló ṣe padà. Màmá mi kì í bá ẹni tí kò mọ̀ jẹun."

A gbé àwòrán lọ bá Ọ̀gá Cheon. Ojú tì í débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá Haesol, oore ni mo rò pé mo ń ṣe." Àwòrán ti ìbẹ̀rẹ̀ ti bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ lọ. A tú gbogbo fọ́tò ilé wa kalẹ̀ fún un: nínú gbogbo wọn, yálà Ìyá àgbà fi fìlà àti awò iṣẹ́ bojú, tàbí ó ń rẹ́rìn-ín tí ojú rẹ̀ ti wọlé lọ. Ọ̀gá Cheon ń ha orí. Ó bá gbójú sókè, ó wò mí, ó sì wò mí sí i.

Ó ní, "Ọmọ, bọ́ téèpù ojú rẹ."

Mo bọ́ ọ. Màmá mi tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná fọ́tò ní, "Háà, Màmá." Èmi ló ń pè bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ya ojú mi nìyẹn, tí wọ́n gbé e wọ Ìyá àgbà. Ọ̀gá Cheon fi ìhunjọ díẹ̀ yí i ká, ó parí. Nígbà tí Ìyá Malsun wá wò ó nílé, ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó ní, "Bokdan! O mà pẹ́ o! Ọbẹ̀ ti tutù." Láti ọjọ́ yẹn, òòlù dákẹ́.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí la máa fi àwòrán àkọ́kọ́ ṣe? Ta ló máa sun ohun tó ti forí balẹ̀ fún? Ta ló máa gbé e jù sí ààtàn, nígbà tó ti gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀? Màmá mi fi aṣọ dì í padà, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, lókè ibi tí mo máa ń gbé orí sí bí mo bá sùn.

Lẹ́yìn ìdánwò, a lọ sí ilé ìwòsàn tí ìwọ àti èmi jọ yàn ní Seomyeon. Dókítà náà kò kánjú, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní fífi òwú rán kì í dá ọgbẹ́ ńlá, ojú sì máa ń tètè rọlẹ̀. Ó dára fún ìpéǹpéjú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi tìẹ, àmọ́ òwú lè tú lọ́jọ́ kan kí ìṣẹ́po náà parẹ́. Èyí tí wọ́n ń là, wọ́n máa gé awọ, wọ́n lè yọ ọ̀rá díẹ̀. Kì í sábà tú, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó rọ̀, ohun tí abẹ bá sì ti gé lọ kò ṣeé lẹ̀ padà. Ó ní ti àwọn kan kì í tiẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà, iṣan tó ń gbé ìpéǹpéjú sókè ló dẹ̀, iṣẹ́ tiwọn sì yàtọ̀. Ó bi mí bóyá ojú mi máa ń gbẹ, bóyá àpá máa ń ga lára mi, àti oògùn tí mò ń lò. Lẹ́yìn náà ló ní téèpù ti fa awọ ojú mi, ó sì nípọn jù fún òwú. Èmi, lílà ni.

Ó mú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi ti ìpéǹpéjú mi wọlé níbi tí ìṣẹ́po máa wà, ó gbé dígí lé mi lọ́wọ́. "Wo ara rẹ."

Mo wò ó. Dambi, obìnrin orí kọ́bọ́ọ̀dù ló ń wò mí. Mi ò ní ó jọ ọ́ o. Òun ni. Ojú Ìyá àgbà tí wọ́n fi ìṣẹ́po sí, kí ló tún máa dà? Ó sì ṣẹ́jú kí n tó ṣẹ́jú.

Nínú dígí náà ni mo ti rí Màmá mi lẹ́yìn mi. Ó di báàgì rẹ̀ mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó fẹ́ dànù. Òun náà ti rí i. Ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti eèrà lọ, "Dókítà, ẹ dákun, ẹ yọ irin yẹn kúrò lójú ọmọ mi."

Nínú bọ́ọ̀sì, lórí afárá Yeongdo, ó di ọwọ́ mi mú bí ìgbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ní, "Mi ò gba ẹ̀bùn rẹ padà. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ ẹ, èmi ni màá mú ọ lọ. Àmọ́ kó jẹ́ pé ìwọ lo fẹ́ ẹ. Ẹni orí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ń wá ojú tó máa gbé wọ̀."

Lánàá ni Dongji, ọjọ́ tí òru gùn jù lọ́dún. Gbogbo ilé ló ń se ògì ẹ̀wà pupa, tí wọ́n ń wọ́n ọn sí ẹnu ọ̀nà láti lé iwin. Ilé tiwa nìkan ni kò sè é, nítorí bí a bá lé àlejò, a máa lé Ìyá àgbà mọ́ ọn. Ni mo bá bu ìrẹsì, mo fi kimchi àti ẹja díndín sí i, mo gbé e síwájú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ri ṣíbí mọ́ ọn, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mo ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tó bí yín, kò sẹ́ni tí ẹ bí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi yín. Ẹ jẹun yó. Ṣùgbọ́n ojú mi kì í ṣe ilé àyágbé." Nígbà tí mo yíjú padà, ṣíbí ṣì dúró. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Ìdáhùn mi rèé, ọ̀rẹ́ mi: mi ò ní bá ọ dùbúlẹ̀ nínú oṣù kìíní. Ìwọ ńkọ́? Ojú tìẹ, tìẹ ni. Mi ò rò pé ẹnì kankan ń dúró dè ọ́ nínú dígí. Bí o bá ń lọ, béèrè ẹni tó máa di abẹ mú gan-an, kó jẹ́ ẹni tó bá ọ sọ̀rọ̀ lójúkojú, torí wọ́n ní ibòmíràn wà tó jẹ́ pé bí o bá ti sùn, ẹlòmíràn ló ń wọlé. Béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe bí ojú kan bá ga ju èkejì lọ. Má sì jẹ́ kí ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fún ọ̀rẹ́ méjì tó bá jọ wá, tí mo ti bà jẹ́ yìí, mú ọ kánjú lọ sí ibi tí owó rẹ̀ jẹ́ pọ́ọ́kú. Màá wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ, màá gbé omi elégédé tó ń mú ojú wíwú rọlẹ̀ wá, màá sì fi ọ́ rẹ́rìn-ín bí o bá jọ ọ̀pọ̀lọ́.

Kí ojú rẹ má rí ibi. Kí dígí rẹ máa fi ọ́ hàn ọ́, kó má fi ẹlòmíràn hàn ọ́. Kí èsì ìwọlé yunifásítì wa dùn ju bí a ṣe ṣe ìdánwò lọ. Bá mi kí Dádì àti Mọ́mì rẹ, kí o sì fún ajá elétí kan ní egungun lórúkọ mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ẹ̀kọ́,
Pyo Haesol.

Àfikún: Ọ̀gá Cheon fún mi ní àwòrán ojú mi tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ojú nìkan, láìsí imú, láìsí ẹnu. Ó wà nínú àpòòwé yìí. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí rẹ. Bí ó bá ṣẹ́jú, má pariwo. Ìyá àgbà ni, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o ti jẹun ni. Ṣùgbọ́n bí o bá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí o rí i pé ìpéǹpéjú náà ti ṣẹ́po, yí i dojú kọ ògiri, bu ìrẹsì fún un, kí o sì tètè pè mí.