Iná Ti Tàn Lára Ẹ̀rọ Bọ́ọ̀lù Bàbá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́, ṣé o ń jẹun yó? Èmi náà wà, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe tèmi. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, oṣù mẹ́ta nìyí, ilé dákẹ́ jù, ni mo bá ní kí atúnrédíòṣe tí à ń pè ní Ó-Kù-Díẹ̀ wá tún ẹ̀rọ bọ́ọ̀lù irin wọn ṣe, àpótí eré tí wọ́n máa ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré kiri nínú rẹ̀, kí nǹkan kan tún máa dún ní pálọ̀.

O mọ̀ pé bàbá rẹ kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ náà tanná. Ìwé òfin ìgbà ogun ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má tan iná eré títí ìjọba yóò fi kọ ìwé mìíràn, kí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá má baà rí wa. Ogun parí kí a tó bí ọ, ṣùgbọ́n ìwé kankan ò dé. Bàbá rẹ tú gbogbo gílóòbù, wọ́n wé e sínú áńkáṣíìfù, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù wọn láìsí iná. Èmi ò fẹ́ kí ìjọba ti opó mọ́lé, ni mo bá lọ béèrè ní kóòtù.

Ọmọbìnrin akọ̀wé ibẹ̀ ní, Mama, òfin ogun máa ń kú bí ogun bá ti parí. Mo ní ta ló sin ín? Bàbá rẹ kú, a kéde, òfin kú, ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa! Ó rẹ́rìn-ín títí, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òfin náà ti kú, ó lu òǹtẹ̀. Mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ èyí àtijọ́, kí àwọn méjèèjì máa bá ara wọn yanjú ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Ó-Kù-Díẹ̀ fi ń sọ pé ó ku díẹ̀. Ó pààrọ̀ rọ́bà, ó fi sáńpépà nu ẹnu wáyà, ó dá gílóòbù padà. Bí iná ṣe tàn, mo sáré fa kọ́tìnnì, mo yọjú wo òkè. Ẹyẹ nìkan ló ń kọjá.

Àmọ́ ó ní bí a bá tẹ bọ́tìnnì eré tuntun, nọ́ńbà tó ń ka àmì eré níwájú ẹ̀rọ yóò padà sí òdo. Ọmọ mi, eré tí bàbá rẹ gbá kẹ́yìn nìyẹn, 31,460. Mo di ọwọ́ ọkùnrin náà mú.

Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa sọ pé báńkì òde òní kì í tọ́jú owó mọ́, nọ́ńbà ni wọ́n ń tọ́jú. Mo kọ nọ́ńbà bàbá rẹ sí bébà, mo gbé e lọ sí báńkì. Akọ̀wé báńkì ní kí ẹni tó ni nọ́ńbà wá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀. Mo ní bí ó bá lè wá ni, kí ni mo wá ṣe níbí?

Jọ̀wọ́, fi owó iṣẹ́ Ó-Kù-Díẹ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má fi sínú fóònù, tèmi ò ní ihò tí owó lè gbà jáde. Kúkú mú un bọ̀ fúnra rẹ. Èmi ò lè dá bọ́tìnnì yẹn tẹ̀. Ká jọ wo nọ́ńbà wọn dáadáa, lẹ́yìn náà kí o gbá tìrẹ. Ọlọ́run yóò sin ọ́ wálé, ọwọ́ rẹ yóò máa ròkè, ayọ̀ ò ní wọ́n ọ nílé. Bí o bá sì borí bàbá rẹ, wọn ò ní bínú. Wọn yóò kàn ní iná ló ràn ọ́ lọ́wọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ