Bọ́tìnì Yàrá Kejì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà

Ahun gbé tuntun dé lónìí. Ọ̀gá wa ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, inú ìwé yìí nìkan. Ó ní ká kó ẹja kúrò nínú yàrá yìnyín kejì, kí àwọn elétò ìrànwọ́ lè kó abẹ́rẹ́ àjẹsára síbẹ̀. Lọ́fẹ̀ẹ́! Ọkùnrin tí kì í fún òṣìṣẹ́ ní orí ẹja. Àrùn ọ̀fun tó ń pa àwọn ọmọdé ní òdìkejì ẹnubodè ni wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ náà dá dúró. Ibẹ̀ ni àbúrò mi obìnrin ń gbé, òun àti ọmọ mẹ́ta. Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí ni Ahun ń wá níbẹ̀?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ọ̀ọ́dúnrún àpótí dé. Nọ́ọ̀sì tó kó wọn wá kò panu dé, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ẹja ń dúró dè mí níta. Mo gbọ́ pé kí n má jẹ́ kí wọ́n móoru. Ìyókù — mo kàn ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ahun ló dúró tì í fún odidi wákàtí kan, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé.

Ìgbà tí mo fi padà dé, wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn yàrá kejì: láti méjì dé mẹ́jọ. Ìkọ̀wé Ahun ni. Méjì dé mẹ́jọ! Òtútù tí wọ́n fi ń tọ́jú tòmátì nìyẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, Ìyá Yìnyín ni wọ́n ń pè mí níbí; méjìdínlógún nísàlẹ̀ òdo ni tiwa. Bí èémí mi ò bá tíì rú bí èéfín, yàrá ò tíì tutù. Ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Epo jẹnẹrétọ̀ ni Ahun fẹ́ dín kù. Ó fẹ́ gba orúkọ rere, kó má sì sun epo.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Kí n tó lọ sílé láago mẹ́rin, mo yí bọ́tìnì òtútù sí ti ẹja. Kò sẹ́ni tó rí mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Wọ́n ti yí i padà! Mẹ́rin lókè òdo. Mo fọgbọ́n bi aṣọ́gbà. Ó ní ọ̀gá máa ń padà wá láago márùn-ún, òun nìkan, á wọ yàrá kejì, á sì jáde lọ́wọ́ òfo. Lọ́wọ́ òfo kẹ̀. Èmi mọ ohun tó ń jí.

Mo tún yí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Wọ́n kó igba àpótí lọ sí àwọn ìlú tó sún mọ́ ẹnubodè. Ọgọ́rùn-ún tó kù, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ti ìlú àbúrò mi ni, torí pé ó jìnnà jù. Mo pè é kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ó ní ọmọ kan ti kú ní kíláàsì àbígbẹ̀yìn òun, òun ò jẹ́ kí àwọn ọmọ yọjú síta mọ́. Mo ro ẹjọ́ Ahun fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣọ́ ọkùnrin yẹn o. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà."

Mẹkáníìkì wá lọ́sàn-án. Ahun ní ẹ̀rọ yàrá kejì ń ṣe ségesège. Ó wojú mi. Èmi wo ẹja.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ahun lọ wo ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá, ó di ọjọ́ Ajé. Mo yí bọ́tìnì dé òpin. Ó kù kó fò wá láti ilé ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú

Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Èémí mi rú bí èéfín. Yìnyín bo àwọn àpótí, wọ́n funfun báláú. Mo fọwọ́ pa ọ̀kan, mo ní kó lọ bá mi dáàbò bo àwọn ọmọ mi.

Ahun dé lọ́sàn-án. Ó wọ yàrá kejì, kò tètè jáde. Nígbà tó jáde, ó jókòó sórí àpótí ẹja. Mo ní epo ló ń dùn ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Nọ́ọ̀sì mú ìgò kan nínú tiwa tó ti yọ́, ó mú òmíràn tí kò dì rí láti inú báàgì rẹ̀. Ó mi méjèèjì, ó gbé wọn sórí tábìlì mi. Ti inú báàgì dúró bí omi wàrà. Tiwa pín sí méjì: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun nísàlẹ̀, omi lásán lókè. Ó ní abẹ́rẹ́ yìí kò gbọdọ̀ dì. Bó bá ti dì, ó ti kú. Gbogbo ọgọ́rùn-ún ló kú. Òmíràn ò lè dé kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé. Ó ní òun ṣàlàyé ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Ahun yọ ìwé kékeré kan àti ohun ìwọ̀n òtútù lápò. Ó ti ń wá wò ó lójoojúmọ́, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń yí i padà sí mẹ́rin, ó sì rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣòjóró. Ó ní, "Ẹ̀rọ mi ló fa èyí, èmi ni kẹ́ ẹ dá lẹ́bi. Ẹ má bá Ìyá Yìnyín wí. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ yàrá bíi tiwọn."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè.

Àbúrò mi pè láago mẹ́ta. Wọ́n ti kéde fún wọn pé abẹ́rẹ́ ò ní dé mọ́ báyìí. Láti àárọ̀ ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ti ń sọ pé ọ̀fun ń dun òun. Ẹkún ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní, "Ṣé mi ò sọ fún yín? Ọ̀gá yín yẹn ni. Ẹ má gbójú kúrò lára ẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́.