Àbẹ̀kẹ́ Kọ́ Ló Pa Àkànní

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìrọ́jú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún yín láti ìlú Ọba níbí. Mo kí ìyá mi, mo kí gbogbo ilé ní Èrúnmu. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wá. Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé tíṣà ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí níwájú ilé, gbogbo àdúgbò ni yóò sì gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́. Ìta gbangba lẹ ti pe Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó Àkànní àbúrò mi, ní àjẹ́, ẹ kò pè é ní kọ̀rọ̀.

Yìnyín bo gbogbo ilẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbọ́ pé Àkànní kú. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tó tutù bí inú kànga, mo sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ bàtà, mo gba ibi iṣẹ́ lọ. Ta ni mo fẹ́ sọ fún?

Ẹ ti ń bi mí tipẹ́ pé kí ni mò ń ṣe nílé ìwòsàn nígbà tí n kì í ṣe dókítà. Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń kà. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára aláìsàn, èmi á fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, màá ka ẹ̀jẹ̀ funfun inú rẹ̀. Ọmọ ogun ara ni wọ́n. Bí kòkòrò àìsàn bá wọnú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á pọ̀ sí i láti bá a jà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pọ̀ lánàá, tí wọ́n wá ṣẹ́ku díẹ̀ lónìí, tí ara aláìsàn sì ń tutù, kì í sábà jẹ́ àlàáfíà. Ogun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n tán ni.

Ohun tó ṣe Àkànní nìyẹn. Àdá ṣá a lẹ́sẹ̀ lóko kòkó, egbò náà kẹ̀, kòkòrò gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Èmi àti ẹni tó ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn jọ kọ́ṣẹ́ ni. Òun ló ṣàlàyé fún mi. Nígbà tí ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, ara rẹ̀ ń jó bí iná, ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ. Nígbà tó yá, ara tutù. Ẹ ní àdúrà ti gbà, ẹ fẹ́ gbé e lọ sílé fún ìdúpẹ́. Dókítà ní rárá, pé ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ ti wálẹ̀ jù. Ẹ ní ṣé kí ibà wálẹ̀ kọ́ ni gbogbo yín ń wá. Àbẹ̀kẹ́ nìkan lọ̀rọ̀ yé. Ó kúnlẹ̀ níwájú yín, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ọkọ òun ò tíì yá, bí ẹ bá gbé e, yóò kú.

Ẹ gbé e. Owó tí mo fi ránṣẹ́ fún oògùn, ẹ fi ra ewúrẹ́ ìdúpẹ́. Kí ẹran náà tó jinná, Àkànní ti dákẹ́.

Ìgbà náà lẹ rántí ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́. Ẹ ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹ gba ọmọ tí a kò tíì já lẹ́nu ọmú lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ lé e padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá. Háà, Bàbá! Obìnrin tó fẹ́ gba ọmọ yín lọ́wọ́ ikú! Bóyá Àkànní ì bá kú náà ká ní ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ kò jẹ́ ká mọ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo ka ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan, ó ti wálẹ̀ gan-an. Mo sọ fún dókítà pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú. Kò sẹ́ni tó lé mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń ké bẹ́ẹ̀, Bàbá, owó igbe yẹn náà lẹ sì fi ń jẹun. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá jẹ́ àjẹ́, àjẹ́ ni èmi náà.

Ẹ gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Ẹ ṣí yàrá ọkọ rẹ̀ fún un. Bí kò bá sí àyè fún un nínú ilé yẹn, ẹ kó ẹrù tèmi náà síta.

Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn, á tu ìyá mi nínú. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kí.

Èmi ni Àjàní, ọmọ yín tó kù.